"Quick" kì í ṣe yára tẹ́lẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ọ̀rọ̀ ìkánjú nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ìbéèrè: Nínú Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ tí wọ́n ń kà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, wọ́n ní Jésù ń bọ̀ wá ṣèdájọ́ "the quick and the dead". Ṣé àwọn tó ń yára àti àwọn tó ti kú ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Alààyè ni "quick" níbẹ̀. "Cwic" ni wọ́n ń kọ ọ́ láyé àtijọ́, kò sì sí ìkánjú kankan nínú rẹ̀ nígbà náà. Ẹ wo èékánná yín. Ẹran tútù tó wà lábẹ́ rẹ̀, tó máa ń ta èèyàn wìn-ìn bí abẹ bá kàn án, "the quick" ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń pè é dòní, torí pé ibẹ̀ ló wà láàyè. Èékánná fúnra rẹ̀ ti kú. Mẹ́kúrì náà, tó máa ń sáré kiri nínú àwo bí ohun ẹlẹ́mìí, "quicksilver" ni wọ́n sọ ọ́: fàdákà alààyè. Ohun tó bá wà láàyè a máa mira, ohun tó bá sì ń mira dáadáa la máa ń sọ pé ó yára. Bí ìtumọ̀ náà ṣe rìn nìyẹn. Èmi ò rò pé ó yẹ kó ṣàjèjì sí wa. Bí àìsàn bá lọ, a ní ara ti yá. Bí àkókò àtilọ bá tó, a ní ó yá.

Ìbéèrè: "Fast" ńkọ́? Ó ń jẹ́ eré, ó tún ń jẹ́ ohun tí kò kúrò lójú kan.

Ìdáhùn: Ohun tí kò mì ló kọ́kọ́ jẹ́. "Fasten" ni kí a so nǹkan kó dúró ṣinṣin. Ẹni tó wà "fast asleep" ti sùn fọnfọn. Ààwẹ̀ gbígbà tí wọ́n tún ń pè ní "fast", ìdí kan náà ló ti wá: kéèyàn di ara rẹ̀ mú. Nígbà tó ṣe, wọ́n ń sọ pé ẹnìkan sá "fast", ìyẹn ni pé ó tẹra mọ́ ọn, kò dẹwọ́ rárá, ibẹ̀ ló gbà di eré.

Ìbéèrè: Òwe wọn kan sọ pé "more haste, less speed". Ṣé méjèèjì kì í ṣe nǹkan kan náà ni?

Ìdáhùn: Àṣeyọrí ni "speed" láyé àtijọ́. Bí ìkánjú bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àṣeyọrí ń dín kù; òwe tiwa tó sún mọ́ ọn ni pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1611, ìránṣẹ́ Ábúráhámù tó ń wá aya fún Ísáákì bẹ Ọlọ́run fún "good speed" (Jẹ́nẹ́sísì 24:12). Kì í ṣe ràkúnmí tó ń sáré ló ń tọrọ. Ó fẹ́ kí ohun tó bá wá yọrí sí rere ni.

Ìbéèrè: Nínú Bíbélì yẹn kan náà, ọmọ Hẹrodíà ní kí wọ́n gbé orí Jòhánù wá fún òun "by and by" (Máàkù 6:25). Kí ló dé tó lè dúró?

Ìdáhùn: Kò lè dúró! Kánkán ló wọlé tọ ọba. Lójú ẹsẹ̀ ni "by and by" jẹ́ nígbà yẹn, kó tó di "tó bá yá". Bẹ́ẹ̀ náà ni "soon" rí, àti "presently", tó sọ bí igi ọ̀pọ̀tọ́ ṣe gbẹ ní Mátíù 21:19. Àwa èèyàn la sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀. Ìyá pe ọmọ láti ilé ìdáná, ọmọ dáhùn pé "mò ń bọ̀ nísinsìnyí", ọbẹ̀ ti fẹ́ jóná kó tó dìde. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ń sọ "nísinsìnyí" báyìí fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ìtumọ̀ rẹ̀ á yí.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé Bíbélì Yorùbá wa kò ní ìṣòro yìí. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́: lójúkan náà ni igi ọ̀pọ̀tọ́ gbẹ ní tiwa. Ní 1 Tẹsalóníkà 4:15, Gẹ̀ẹ́sì 1611 ní àwa tó wà láàyè kò ní "prevent" àwọn tó ti sùn, ọ̀rọ̀ tó ti di dídènà lónìí. "Ṣáájú" ló wà nínú Yorùbá, òun gan-an sì ni "prevent" jẹ́ nígbà náà.