Bí kernel ṣe ń wọn ìyára aago prọ́sẹ́sọ̀

Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn, ọ̀kan nínú nǹkan tí kernel, ìyẹn ètò tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ náà, kọ́kọ́ ń wá ni iye ìgbà tí aago inú prọ́sẹ́sọ̀ ń lù ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Lórí ẹ̀rọ x86, ìyẹn irú prọ́sẹ́sọ̀ tí Intel àti AMD ń ṣe, òǹkà tó ń lò fún èyí ni TSC, ó ti wà látìgbà Pentium ní 1993, kíá ni wọ́n sì ń kà á, ìdí nìyẹn tí kernel fi fẹ́ràn ẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé nọ́ńbà lásán ló ń kà, kò sọ bóyá bílíọ̀nù méjì ló wà nínú sẹ́kọ́ǹdù kan àbí mẹ́ta.

Kernel á wá lọ bá aago míì tí wọ́n ti mọ ìyára ẹ̀. PIT ló pẹ́ jù, ìgbà 1,193,182 ló ń lù ní sẹ́kọ́ǹdù, ACPI PM ń lù ní 3,579,545, HPET náà wà ńbẹ̀. Ká ní ó fi PIT ka milisẹ́kọ́ǹdù 10, tí TSC sì fi 24,000,000 lé láàárín ìgbà yẹn, 2.4 GHz nìyẹn, ìyẹn bílíọ̀nù 2.4 ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Àmọ́ firmware, ìyẹn ètò tí wọ́n kọ mọ́ inú ẹ̀rọ fúnra ẹ̀, lè já prọ́sẹ́sọ̀ gbà lọ́wọ́ kernel lójijì, SMI ni wọ́n ń pè é, kernel ò sì ní mọ̀ rárá. Tí àṣìṣe bá jẹ́ maikirosẹ́kọ́ǹdù 10 péré nínú milisẹ́kọ́ǹdù 10 yẹn, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì aago á ti fi bíi sẹ́kọ́ǹdù 86 ṣìnà, ó sì ti ju ohun tí NTP, ètò tó ń tún aago kọ̀ǹpútà ṣe látorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lè fi ìyára nìkan tún ṣe lọ, torí 500 nínú mílíọ̀nù ló mọ, àṣìṣe yìí sì jẹ́ 1,000 nínú mílíọ̀nù.

Linux máa ń wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mélòó kan kó tó mú èyí tó kéré jù, torí ìyẹn ni ìdíwọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ kàn. Lẹ́yìn náà ó tún fi bíi sẹ́kọ́ǹdù kan wọ̀n ọ́n pẹ̀lú HPET tàbí ACPI PM, àṣìṣe kan náà ò wá tó sẹ́kọ́ǹdù kan lóòjọ́ mọ́.

Lórí ọ̀pọ̀ Intel tuntun, CPUID, àṣẹ tí prọ́sẹ́sọ̀ fi ń sọ nípa ara ẹ̀, ló ń sọ ìyára yìí, ti ARM, irú prọ́sẹ́sọ̀ tó wọ́pọ̀ nínú fóònù, sì wà nínú àyè kékeré kan nínú prọ́sẹ́sọ̀ tó ń jẹ́ CNTFRQ_EL0, firmware ló ń kọ ọ́ síbẹ̀, tó bá kọ irọ́, irọ́ náà ni kernel máa gbà.

Ayé àtijọ́, tí prọ́sẹ́sọ̀ bá dín ìyára kù láti fi tọ́jú bátìrì, TSC náà á dín in kù, ti ìsinsìnyí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ Linux ṣì lè máa fi aago míì ṣọ́ ọ, tó bá rí i pé ó ń yẹ̀, á pa á tì, á bọ́ sórí HPET tàbí ACPI PM, kíkà àwọn yẹn sì falẹ̀ gan-an, ètò tó bá ń béèrè àsìkò lemọ́lemọ́ á mọ̀ ọ́n lára.