Bí Ìdí Ṣe Kúrò Lórí Àga: Ìtàn Bí Àwọn Asáré Alùpùpù Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí í Fi Orúnkún Kan Ilẹ̀

Bí ẹ bá gba orí afárá Third Mainland láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí ọkọ̀ tó pọ̀, ẹ óò gbọ́ ariwo páwà báìkì kí ẹ tó fojú kàn wọ́n. Láti apá Oworonṣókí ni wọ́n ti máa ń já wọlé, Yamaha, Kawasaki, Hayabusa, wọ́n á tò tẹ̀lé ara wọn bọ̀ wá sí Èkó. Níbi tí ọ̀nà ti yà sọ̀ kalẹ̀ sí Adénìjí Adélé, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó yọ orúnkún síta gbangba. Orúnkún ti jáde, àmọ́ orí àti èjìká rẹ̀ ṣì wà láàárín gbùngbùn tánkì, ìdí rẹ̀ kò sì kúrò lójú kan lórí àga. Ohun tó ń ṣe yẹn ní ìtàn. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é kò ṣe é torí fọ́tò. Táyà àti ẹńjìnnì ló fipá mú wọn. Ó wù mí kí gbogbo ẹni tó ń gun páwà báìkì nílùú yìí mọ ìtàn náà, torí ibi tí orúnkún ti wá ló máa jẹ́ kéèyàn mọ ohun tó yẹ kí ìyókù ara máa ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ti orí ẹṣin bẹ̀rẹ̀, torí eré ìje kò ṣàjèjì sí Èkó. Tafawa Balewa Square tó wà ní Oníkàn lónìí, pápá eré ẹṣin ni tẹ́lẹ̀, Race Course la mọ̀ ọ́n sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ta àsíá Nàìjíríà sókè ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960, kó tó di pé ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ́ ní 1972. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí irú eré ẹṣin bẹ́ẹ̀ ti wá, gbọnrangandan làwọn agẹṣin máa ń jókòó láyé àtijọ́, ẹsẹ̀ wọn á gùn wálẹ̀ nínú ìtẹsẹ̀ gàárì. Ní 1895, Willie Simms, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, dé ibẹ̀, ó fa ìtẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, ó tẹ̀ síwájú sórí ọrùn ẹṣin. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Tod Sloan, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ funfun, gùn ún bákan náà, òun làwọn èèyàn sì gbé orúkọ fún. Mo sọ eléyìí torí pé irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn alùpùpù: ọ̀tọ̀ lẹni tó bẹ̀rẹ̀ nǹkan, ọ̀tọ̀ lẹni tí ayé fi mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré ìje alùpùpù TT (Tourist Trophy) ní erékùṣù Isle of Man ní 1907, kò sẹ́ni tó ń ronú ibi tó yẹ kí ìdí wà. Kí báìkì ṣáà má kú sójú ọ̀nà. Bí ẹńjìnnì ṣe wá ń lágbára sí i, afẹ́fẹ́ di ọ̀tá. Àwọn asáré bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ tánkì, àgbọ̀n á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin, ìgbápá á sún mọ́ra, orúnkún méjèèjì á fún tánkì pinpin. Ní 1950, Geoff Duke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí télọ̀ rán aṣọ awọ alódindi kan fóun, tó fún mọ́ ara, kí afẹ́fẹ́ má bàa rí nǹkan dì mú. Tó bá dé kọ́nà, ara àti báìkì á jọ tẹ̀ lójú ìlà kan ṣoṣo. Ìjókòó wọn mọ́, ó sì dùn-ún wò. Giacomo Agostini, ọmọ Ítálì, fi irú ìjókòó yìí gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé 15, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé àwọn àgbà yẹn kò mọ báìkì gùn. Báìkì ìgbà ayé Duke, Norton 500cc (cc ni wọ́n fi ń wọn bí ẹńjìnnì ṣe tóbi tó), kò ju nǹkan bíi họ́ọ̀sì páwà 50 lọ, táyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì rí roboto. Ohun tí wọ́n ń ṣe tó fún ohun tí wọ́n gùn.

Ẹni tó yí i padà ni Jarno Saarinen, ọmọ ilẹ̀ Finland. Ó kàwé nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó sì ti fi alùpùpù sáré lórí yìnyín kó tó dé orí ọ̀dà. Ẹni tó bá ti ṣeré lórí yìnyín mọ̀ pé báìkì lè yọ̀ nígbàkigbà, ara rẹ̀ kì í le gbagidi, ó máa ń ṣí kiri lórí àga. Saarinen gbé àṣà náà wá sórí ọ̀dà. Tó bá ń wọ kọ́nà, á sún ìdí sẹ́gbẹ̀ẹ́ inú, á ṣí orúnkún sílẹ̀, àyà rẹ̀ á sún mọ́ tánkì. Ó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti 250cc ní 1972 pẹ̀lú Yamaha. Nígbà tó di 1973, ó lọ sí Daytona ní Amẹ́ríkà, ó fi báìkì 350cc lu àwọn tó gun 750cc. Lóṣù karùn-ún ọdún kan náà, ní ogúnjọ́, jàǹbá ńlá kan ṣẹlẹ̀ ní pápá eré ìje Monza ní Ítálì, òun àti Renzo Pasolini, asáré ọmọ Ítálì, sì kú síbẹ̀. Ọmọ ọdún 27 ni Saarinen. Tí ẹ̀mí rẹ̀ bá gùn ni, mo gbà tọkàntọkàn pé orúkọ rẹ̀ là bá fi máa pe ìjókòó yìí títí dòní.

Kenny Roberts ló gbà á láti ibẹ̀. Modesto ní California ni wọ́n ti bí i, orí iyẹ̀pẹ̀ ló sì ti kọ́ eré ìje, níbi tí táyà ẹ̀yìn ti máa ń fẹ́ yọ lọ ní gbogbo ìgbà. Roberts fúnra rẹ̀ ti sọ pé ara Saarinen lòun ti rí i, àmọ́ òun gbé e kọjá ibi tó bá a. Ó sún ìdí jáde débi pé orúnkún rẹ̀ ń ha ọ̀dà. Awọ aṣọ rẹ̀ ń jẹ tán, ló bá ń fi téèpù líle wé orúnkún rẹ̀ ní ìpele-ìpele. Àwọn asáré kan gé lára ike ojú akoto wọn tó ti gbó, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Ike ribiti tí wọ́n ń tà lónìí, èyí téèyàn lè fà ya kó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, inú téèpù yẹn ló ti wá. Roberts gba ife-ẹ̀yẹ 500cc ní 1978, 1979 àti 1980, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀léra, òun sì ni ọmọ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Láti ìgbà náà, ẹni tí kò bá sún ìdí á máa rí ẹ̀yìn àwọn yòókù.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ àárín ọdún 1970 ni, tí kò jẹ́ ọdún 1950? Báìkì 500cc ti kọjá họ́ọ̀sì páwà 100 nígbà yẹn. Ilé iṣẹ́ táyà náà sì ti gbé táyà pẹrẹsẹ tí kò ní ojú jáde fún orí ọ̀dà gbígbẹ, ó fẹ̀, ó sì di ilẹ̀ mú gan-an. Táyà tó fẹ̀ ní wàhálà tirẹ̀. Bí báìkì bá ti tẹ̀, ibi tó kan ilẹ̀ á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í dúró sáàárín mọ́, báìkì á sì ní láti tẹ̀ ju bí ti táyà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ kó tó yí kọ́nà kan náà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Tí èèyàn bá ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan nínú kọ́nà tí ìlà láti àárín rẹ̀ dé etí jẹ́ mítà 80, gbogbo ìwúwo, ti báìkì àti ti èèyàn pa pọ̀, gbọ́dọ̀ tẹ̀ tó nǹkan bíi dígíríì 45. Kò sí ọgbọ́n tó lè dín iye yẹn kù. Ohun tọ́gbọ́n lè ṣe ni kí èèyàn gba púpọ̀ lára rẹ̀ rù, kí báìkì fúnra rẹ̀ má tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Báìkì MotoGP, eré ìje alùpùpù àgbáyé tó ga jù lọ, kò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju kílò 157 lọ. Asáré tó wúwo kílò 66 jẹ́ nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá gbogbo ẹrù. Ibi tó bá gbé ara rẹ̀ sí, ẹrù tẹ̀lé e. Irin ìtẹsẹ̀ àti sàléńsà kò ní tètè ha ilẹ̀, táyà á ṣì ní ibi tó lè fi dì mú nígbà tó bá tún fún ẹńjìnnì ní epo láti jáde kúrò ní kọ́nà.

Hayabusa tí ọ̀pọ̀ ń gùn níbí wúwo tó kílò 264, nítorí náà ara ọkùnrin kílò 80 kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára lórí rẹ̀. Kí ìdí kúrò lójú kan lórí àga nìkan kò tó. Orí àti èjìká ló wúwo jù lókè, àwọn ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ inú. Orúnkún nìkan, tí kò wúwo tó nǹkan kan nínú gbogbo ẹrù, kí ló fẹ́ ṣe?

Ní 1980, Keith Code dá ilé ẹ̀kọ́ California Superbike School sílẹ̀, wọ́n wá ń kọ́ àwọn èèyàn lásán ní ohun tó jẹ́ àṣírí àwọn òléwájú. Ohun tí wọ́n ń kọ́ni kò pọ̀. Kí bíréèkì tó bẹ̀rẹ̀ ni kí èèyàn ti sún ìdajì ìdí jáde, kì í ṣe nígbà tí báìkì ti ń tẹ̀, torí ìmìtìtì ara nígbà náà á mi báìkì. Iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń gbé lé irin ìtẹsẹ̀, kì í ṣe gìgísẹ̀. Ojú á ti wo ibi tí kọ́nà ti ń jáde. Èyí tó ṣòro jù lọ ni itan ẹsẹ̀ ìta. Ìsàlẹ̀ itan yẹn á há mọ́ ara tánkì, gìgísẹ̀ á tì í sókè, ibẹ̀ sì ni gbogbo ara á so rọ̀ sí. Bí itan yẹn bá ti há dáadáa, ọwọ́ méjèèjì á dẹ̀ lórí áńdù, ìyẹn irin tí a fi ń darí báìkì, èèyàn lè máa mi ìka. Bí kò bá há, ọwọ́ ló máa gbé ara, áńdù á sì gba gbogbo ìbẹ̀rù tó wà nínú ẹni náà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó sọ pé báìkì òun máa ń gbọ̀n ní kọ́nà, ọwọ́ wọn ló ń mì í.

Àwọn tó dé lẹ́yìn tún fa ìdí jáde sí i. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, Jean-Philippe Ruggia, ọmọ Faransé, ń fi ìgbápá ha ọ̀dà nígbà tí ó ṣì jẹ́ ohun ìyanu. Mick Doohan, ọmọ Ọsirélíà, kò gbà, ó jókòó ní tirẹ̀ bó ṣe wù ú, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ márùn-ún tẹ̀léra láti 1994 dé 1998. Valentino Rossi, ọmọ Ítálì, bẹ̀rẹ̀ sí í ju ẹsẹ̀ inú sílẹ̀ tó bá ń tẹ bíréèkì, eré ìje Jerez ní Sípéènì lọ́dún 2005 làwọn èèyàn sì máa ń tọ́ka sí; wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ohun tó ń ṣe. Marc Márquez, ọmọ Sípéènì, wọ MotoGP ní 2013, ó gba ife-ẹ̀yẹ lọ́dún náà, báìkì rẹ̀ ń tẹ̀ kọjá dígíríì 60. Ike ti wá wà ní ìgbápá aṣọ báyìí.

Nǹkan tó wà lábẹ́ gbogbo ìjókòó yìí ni ọ̀dà tí wọ́n gbá mọ́, tó dọ́gba, tí ẹnikẹ́ni kò ní bọ́ síwájú rẹ. Third Mainland, tí wọ́n ṣí ní 1990, tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 11.8, kì í ṣe irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀. Irin ìsopọ̀ wà káàkiri orí rẹ̀, táyà tó ti tẹ̀ kì í sì fẹ́ bá irin pàdé. Iyanrìn máa ń kó jọ sétí ọ̀nà, epo dísẹ́lì á ti kán sílẹ̀ láti ara tírélà, dáńfó á sì yà láìfi iná hàn. Ẹ̀yin àbúrò mi, tó bá jẹ́ pé ìjókòó yìí lẹ fẹ́ kọ́, ẹ gbé báìkì yín lé ìdúró ẹ̀yìn nínú ọgbà, kí ẹnìkan di áńdù mú níwájú. Ẹ sún ìdí jáde sọ́tùn-ún, ẹ há itan òsì mọ́ tánkì, kí ẹ sì gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò. Bí itan yín bá ń gbọ̀n kí ẹ tó ka ọgbọ̀n, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣe ti apá kejì.