"Gbà-má-bínú" kọ́ ni owó adìẹ tí ìjọba pa

Orúkọ ló kọ́kọ́ ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Bí wọ́n bá ti gbọ́ "owó gbà-má-bínú", ìyẹn owó tí ìjọba ń san lórí adìẹ tí wọ́n bá pa kí àrùn má bàa tàn, wọ́n á rò pé ńṣe ni ìjọba ń ṣàánú àgbẹ̀ tí àrùn H5N1, ìyẹn àrùn adìẹ tí wọ́n ń pè ní bird flu, wọ oko rẹ̀. Bó bá jẹ́ àánú ni, ẹni tí adìẹ rẹ̀ ti kú tán ni ì bá kọ́kọ́ gbà á, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni kì í rí kọ́bọ̀. Adìẹ tó ṣì ń mí nígbà tí dókítà ẹranko kà á, tí wọ́n sì pa á, nìkan lowó wà fún. Ọjà ni: ìjọba ń ra adìẹ náà kó tó kó àrùn ran ti aládùúgbò.

Àrùn yìí lè kó gbogbo adìẹ inú ilé kan lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìgbẹ́ wọn á sì máa bá bàtà, táyà ọkọ̀ àti kireeti ẹyin jáde. Àgbẹ̀ tó pe dókítà ẹranko nígbà tí 20 kú nínú 1,000 ṣì ní 980 tí wọ́n máa kà. Bó bá dákẹ́ di ọ̀túnla, ó lè má ku 200. Ìdákẹ́ tó ń ba oko ẹlòmíràn jẹ́ wá ń jẹ owó ẹni tó dákẹ́. Ọgbọ́n ńlá ni.

Àmọ́ ojú lásán kò lè ya àrùn yìí sọ́tọ̀ kúrò lára lùkúlùkú, àrùn adìẹ mìíràn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi òwú nu ọ̀fun àti ìdí adìẹ, tí wọ́n á kó o sínú yìnyín lọ sí ilé ìwádìí ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau. Kí ẹnikẹ́ni má la òkú adìẹ lóko.

Iye owó ni ètò náà ti ń já. Ní 2006, nígbà tí H5N1 kọ́kọ́ wọ Áfíríkà láti Kàdúná, ₦250 ni wọ́n kọ́kọ́ dá lé adìẹ kan. Adìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa yé tà ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jà, oníbàárà òru sì ń sanwó lójú ẹsẹ̀. Bí owó ìjọba bá kéré tàbí tó pẹ́, ọjà ni adìẹ aláàrùn ń lọ. Bó bá sì pọ̀ ju ti ọjà lọ, kò ní sí ìdí tí àgbẹ̀ fi máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà oko rẹ̀.

Ìgbà tí kíkà bẹ̀rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Ní ilẹ̀ England tẹ́lẹ̀, adìẹ àwọn àgbẹ̀ tó tètè pè máa ń kú níbi tí wọ́n ti ń dúró de àwọn tó máa wá pa wọ́n, owó wọn á sì bá a lọ. Ní oṣù kẹwàá 2022, ìjọba yí i padà: ìgbà tí wọ́n bá ti pinnu láti pa wọ́n ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀.