Ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí títa oògùn olóró ní Ìbàdàn

Ẹni tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìbàdàn bá dá lẹ́bi pé ó ta oògùn olóró lè gbé ẹjọ́ náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn, tí ẹ̀ka rẹ̀ wà ní Ìyágànkú. Ó lè tako ìdálẹ́bi, iye ọdún ẹ̀wọ̀n, tàbí méjèèjì. Ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ kò láṣẹ láti gbọ́ irú ẹjọ́ yìí.

Òfin NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, tó jáde ní 1989 ni wọ́n sábà ń lò. Lábẹ́ abala 11(c), ẹni tó bá ta kokéènì, ẹ̀róìnì tàbí irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n gbére jura. Ọjọ́ 90 ni wọ́n fún un láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Bí ó bá pẹ́, ó ní láti tọrọ àfikún àkókò pẹ̀lú ìdí tó múnádóko. Òun fúnra rẹ̀ tàbí agbẹjọ́rò rẹ̀ ló ń fọwọ́ sí ìwé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà.

Ẹ̀rí

Àwọn adájọ́, tí wọn kì í dín ní mẹ́ta, kì í sábà pe ẹlẹ́rìí; àkọsílẹ̀ ìgbẹ́jọ́ ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ibi tó sì yẹ kí agbẹjọ́rò kọ́kọ́ fojú sí ni ìrìnàjò ẹrù òfin, ìyẹn bí oògùn tí wọ́n gbà ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ní ọ́fíìsì NDLEA, ojú afurasí ni wọ́n ti ń wọn oògùn náà, tí wọ́n ń dán an wò, tí wọ́n ń dì í sínú àpò, tí òun àti òṣìṣẹ́ á sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, kó tó dé yàrá àyẹ̀wò. Bí ìwọ̀n tó wà lórí fọ́ọ̀mù bá yàtọ̀ sí ti yàrá àyẹ̀wò, tí ẹlẹ́rìí kankan kò sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀, iyèméjì lè wọ̀ ọ́. Àṣìṣe kékeré nìkan kì í sábà dá ẹjọ́ nù. Ní ti ìwé ìjẹ́wọ́, ọjọ́ tí wọ́n gbé e kalẹ̀ nílé ẹjọ́ nígbà ìgbẹ́jọ́ ló yẹ kí wọ́n ti sọ pé ipá ni wọ́n fi gbà á. Ẹni tó dákẹ́ nígbà náà á ṣòro fún láti yí i padà ní Ìyágànkú.

Ìjìyà

Ẹni tó ti gbà pé òun jẹ̀bi kì í ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti fi tako ìdálẹ́bi, nítorí náà ìjìyà ló máa ń fẹ́ kí wọ́n dín kù. Ó léwu díẹ̀: òfin gba ilé ẹjọ́ láàyè láti fi kún un pẹ̀lú. Béèlì kì í sábà wáyé títí dìgbà ìdájọ́, àfi bí àìsàn líle bá wà, tàbí bí ẹ̀wọ̀n bá kúrú tó lè parí kí ẹjọ́ tó parí. Lẹ́yìn Ìyágànkú, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Àbújá ló kù.