Dátábéèsì: níbo ni wọ́n ń kó ìmìtìtì ilẹ̀ orí kọ̀ǹpútà sí?

Ní Kalifọ́níà, ibi kan wà tí ilẹ̀ ti là lọ gbọọrọ, San Andreas ni wọ́n ń pè é. Ìmìtìtì ńlá tó kẹ́yìn ní apá gúúsù rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1857, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè gba àkọsílẹ̀ rẹ̀ nígbà náà. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ SCEC, ibùdó ìwádìí ìmìtìtì ilẹ̀ tó wà ní Los Angeles, fi ń fi kọ̀ǹpútà ńláńlá ṣe àfarawé rẹ̀. CyberShake ni wọ́n pe iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá mú ibì kan, wọ́n á ṣírò oríṣi ìmìtìtì tó lé ní 400,000 fún un.

Ìṣirò yẹn le lóòótọ́, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ibi tí wọ́n ń kó èsì sí gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ ká mú ìmìtìtì kan ṣoṣo. Ká ní wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, nọ́ńbà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan: 3,000 nìyẹn. Ilẹ̀ ń mì sí àríwá àti gúúsù, ó tún ń mì sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, ó di 6,000. Báìtì mẹ́rin ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà, ó di báìtì 24,000. Fọ́tò orí WhatsApp sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 400,000, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígábáìtì 10, ibì kan ṣoṣo la sì ṣì ń sọ o! Wọ́n ti ṣe é fún ibi tó lé ní 300.

Ẹnjiníà tó fẹ́ kọ́lé kò bèèrè nọ́ńbà 6,000. Ohun tó ń bèèrè ni bí mímì náà ṣe lè le tó, àti bóyá ó lè kọjá ìwọ̀n kan láàárín 50 ọdún. Nítorí náà, wọ́n máa ń yọ nọ́ńbà díẹ̀ jáde lára ìmìtìtì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni wọ́n ń kó sínú dátábéèsì, ibi tí wọ́n ń to ìsọfúnni sí lórí kọ̀ǹpútà kó lè rọrùn láti wá. Àkọsílẹ̀ gbọọrọ yẹn wà lọ́tọ̀ nínú fáìlì. Bí ọ́sípítù ṣe ń ṣe náà nìyẹn: fóldà rẹ wà ní yàrá àkọsílẹ̀, nọ́ńbà káàdì ni wọ́n fi ń wá a. Ẹni tí káàdì rẹ̀ ti sọnù rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Nọ́ńbà káàdì ti CyberShake pín sí mẹ́rin: ibo ni, ibo ni ilẹ̀ ti là, irú ìlà wo ni, oríṣi kẹlòó ni. Bí ọ̀kan bá ṣìnà, ìmìtìtì ẹlòmíì lo máa gbé. Irú ìwọ̀n tí wọ́n fi wọn mímì náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, torí pé 0.3 lásán kò sọ nǹkan kan.

Bí wọ́n bá wá gbé e sínú SQLite, irú ètò dátábéèsì kan, gbogbo dátábéèsì náà á di fáìlì kan, kò nílò sẹ́fà, ìyẹn kọ̀ǹpútà mìíràn tí á máa bá a pèsè rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Tánkẹ̀ lè ṣí i lórí láptọ́ọ̀pù bí NEPA tiẹ̀ mú iná lọ.

Kí ó má ṣáà fi nọ́ńbà Los Angeles díwọ̀n ilé ní Ọ̀fà. Ilẹ̀ rírọ̀ tó jìn ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ibi ní Los Angeles, ó sì ń mú mímì le sí i. Àpáta líle àtayébáyé ló wà lábẹ́ tiwa. Kódà fún Mpape ní Abuja, níbi tí ilẹ̀ ti mì lóṣù kẹsàn-án ọdún 2018, a ní láti kọ́kọ́ mọ ibi tí ilẹ̀ ti là àti bí ìgbì ìmìtìtì ṣe ń yára tó nínú àpáta ibẹ̀.