Atọ́nà Àrá ni, Kì í Ṣe "Adáàrádúró"

Ẹni tó kọ́kọ́ pe tọ́ńdà arẹ́sítọ̀, ohun tí a ń fi sójú ọ̀nà wáyà áńtẹ́nà nítorí àrá, ní "adáàrádúró" ti kó àwa onírédíò 5N (5N ni àmì ìpè rédíò Nàìjíríà) sí wàhálà. Ta ló lè dá àrá dúró? Ẹlòmíràn á rà á, á dè é mọ́ ìdí rédíò lórí tábìlì, á wá sùn fọnfọn nígbà tí òjò bá ń ṣú. Orúkọ ló tàn án jẹ. "Amúàrá" tí àwọn kan fi rọ́pò rẹ̀ kò sàn jù ú lọ: kò mú nǹkan kan.

Atọ́nà àrá ni mo ń pè é. Wọ́n ní ó jọ ẹni tó ń mú àrá wọlé. Rárá o! Ẹ wo iṣẹ́ rẹ̀: gáàsì inú rẹ̀ kì í gbé iná lọ́jọ́ lásán, ṣùgbọ́n bí fólítì bá ti ga kọjá ààlà, gáàsì náà á di ọ̀nà láti wáyà àárín kóásì (okùn wáyà tó so áńtẹ́nà mọ́ rédíò) lọ sílẹ̀. Ọ̀nà ló ṣí. Ẹ wo ibi tí kò ti sí ọ̀nà: ní 1753, ní St. Petersburg ní Rọ́ṣíà, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Georg Richmann gbé ọ̀pá irin sórí òrùlé láti fi ṣèwádìí, kò sì so ó mọ́ ilẹ̀. Àrá gba irin náà wọ yàrá, ó pa á.

Àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Onílé tó gbọ́n kì í dí àgbàrá, gọ́tà ló ń là fún un, kó gbòòrò, kó lọ tààrà. Bí gọ́tà bá ṣẹ́rí lójijì, omi á fò ó, á gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyí tó so atọ́nà mọ́ ilẹ̀. Àrá tó tó 30,000 ámpù ń dé láàárín ìdá mílíọ̀nù díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólítì á dìde lórí mítà wáyà kan ṣoṣo, bó ti wù kí bàbà rẹ̀ dára tó. Ẹ lo bàbà pẹlẹbẹ tó fẹ̀, kó kúrú, kó má ní kọ̀rọ̀.

Ara ògiri lóde, níbi tí kóásì ti fẹ́ wọlé, ni kí atọ́nà wà, kí ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì mítà 2.4 wọlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ gan-an. Ẹ so ọ̀pá náà mọ́ ẹ́ẹ̀tì iná ilé. Àwọn tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ń ṣe ara wọn níbi: fólítì méjèèjì á yàtọ̀ síra, iná á sì gba inú rédíò kọjá láti ọ̀kan sí èkejì.

Bí àrá bá wá bá áńtẹ́nà gan-an ńkọ́? Ẹ já kóásì kí òjò tó dé, lóde ni kí ẹ ti já a. Bí ẹ bá ti ń gbọ́ àrá, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́.