Afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí ni òmòòkùn pọ̀n sẹ́yìn

Nígbàkígbà tí òmòòkùn bá hàn lórí tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú sílíńdà lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sọ ni pé ọ́síjìn ni ó pọ̀n. Ó dà bí àṣìṣe kékeré, ṣùgbọ́n òun ni ó ń bí àṣìṣe mìíràn tí ó lè gba ẹ̀mí, pàápàá ẹ̀mí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí ìmòòkùn: ìyẹn ni èrò pé níwọ̀n ìgbà tí ọ́síjìn kò bá ti tán, mítà 30 kò fi nǹkan kan yàtọ̀ sí mítà 10, àfi pé ọ̀nà rẹ̀ jìn díẹ̀ sí i.

Afẹ́fẹ́ tí èmi àti ẹ̀yin ń mí ní gbangba ni ẹ̀rọ máa ń sẹ́, tí ó sì ń fún mọ́ inú sílíńdà náà. Nínú ìdá 100 rẹ̀, ọ́síjìn kó nǹkan bí 21, náítírójìn sì kó nǹkan bí 78. Àwọn kan a máa lo àdàlù tí ọ́síjìn rẹ̀ pọ̀ ju èyí lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ó sì ní ibi tí kò gbọdọ̀ jìn kọjá. Bí ó bá jẹ́ ọ́síjìn pọ́ńbélé ni, ẹni tí ó bá gbé e kọjá nǹkan bí mítà 6 ti fi ara rẹ̀ sínú ewu, nítorí pé ọ́síjìn tí omi bá fún pọ̀ a máa di májèlé fún ọpọlọ: gìrì lè mú ènìyàn láìsí ìkìlọ̀, ohun tí ó fi ń mí á bọ́ lẹ́nu rẹ̀, omi á sì wọlé.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni omi ń tẹ̀ wá sí i. Lójú òkun, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ wá tó nǹkan bí bar 1 (bar ni a fi ń wọn agbára yìí). Gbogbo mítà 10 tí a bá wọ inú omi lọ a máa fi bar 1 kún un, tí ó fi di bar 2 ní mítà 10, bar 4 ní mítà 30, àti bar 5 ní mítà 40, níbi tí àwọn tí ń mòòkùn fún ìgbádùn gbọ́dọ̀ fi mọ. Ẹ̀rọ tí ó wà lẹ́nu òmòòkùn a máa fún un ní afẹ́fẹ́ tí agbára rẹ̀ bá ti omi dọ́gba, nítorí náà èémí kan ṣoṣo ní mítà 30 ń kó afẹ́fẹ́ ìlọ́po mẹ́rin èyí tí yóò kó lókè. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Sílíńdà lítà 12 tí a rọ dé bar 200 gba afẹ́fẹ́ lítà 2,400. Bí a bá fi lítà 600 pamọ́ de ọjọ́ ìṣòro, 1,800 ni ó kù. Ẹni tí ń mí lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan lókè yóò lo èyí fún ìṣẹ́jú 45 ní mítà 10, ṣùgbọ́n ní mítà 30, kò ní ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 lọ. Ẹni tuntun a sì máa mí ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìbẹ̀rù àti làálàá.

Síbẹ̀, náítírójìn ni olórí ọ̀rọ̀. Ara kò lò ó fún ohunkóhun. Lókè, bí a ṣe mí i wọlé náà ni a ṣe ń mí i jáde. Nínú ibú, agbára omi a máa tì í wọ inú ẹ̀jẹ̀, iṣan àti ọ̀rá, yóò sì yọ́ síbẹ̀ bí ṣúgà ṣe ń yọ́ nínú ògì. Bí a bá rọra gòkè, yóò rọra gba inú ẹ̀dọ̀fóró jáde. Bí a bá sáré gòkè, yóò ṣe bí ìgò mínírà tí a mì jìgìjìgì tí a sì ṣí ìdérí rẹ̀ lójijì, yóò máa hó ní oríkèé, ní ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí nínú ọpọlọ, ó sì lè sọ ènìyàn di arọ tàbí kí ó pa á. Ìdí nìyẹn tí tábìlì PADI, àjọ tí ń kọ́ni ní ìmòòkùn, èyí tí ń sọ iye ìṣẹ́jú tí a lè lò ní ibú kọ̀ọ̀kan, fi fún ẹni tí kò tíì wọ omi lọ́jọ́ náà ní ìṣẹ́jú 56 ní mítà 18, ìṣẹ́jú 20 péré ní mítà 30, àti ìṣẹ́jú 9 ní mítà 40. Mítà 12 ni a fi kún 18 kí ó tó di 30, ó sì ti gba ohun tí ó ju ìlàjì lọ nínú àkókò náà.

Àwa ará Nàìjíríà ní ẹ̀rí èyí nítòsí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ ojú omi Jascon-4 dojú dé lórí òkun tí ó wà níwájú Escravos, ó sì rì sí nǹkan bí mítà 30. Harrison Okene, alásè inú ọkọ̀ náà, rí àyè kan tí afẹ́fẹ́ há sí, ó sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí 60 wákàtí kí àwọn òmòòkùn tó kàn án. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ì bá gbà wọ́n láti gbé e dé ojú òkun, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ dán an wò, nítorí pé náítírójìn ti kún gbogbo ara rẹ̀, gígòkè náà ì bá sì pa á. Inú agogo òmòòkùn, ìyẹn àpótí onírin tí a fi ń gbé òmòòkùn lọ sí ibú àti bọ̀, ni wọ́n gbé e sí, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e wọ yàrá onírin tí a ti ń dín agbára afẹ́fẹ́ kù díẹ̀díẹ̀, ó sì lò ó kéré tán ọjọ́ méjì níbẹ̀. Okene kò pọ̀n sílíńdà kankan. Afẹ́fẹ́ tí ó há sínú ọkọ̀ ni ó ń mí.

Láti nǹkan bí mítà 30 yẹn náà ni náítírójìn ti máa ń pa ènìyàn bí ọtí, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ dé ibẹ̀ kí ó tó mú wọn. Ẹnìkan á máa rẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn á kún fún ìbẹ̀rù, ẹlòmíràn á wo iye afẹ́fẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láì mọ ohun tí ó kà. Ẹni tí ó ń pa kì í sì í mọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀mùtí kì í ti í gbà pé òun ti yó. Ní Blue Hole tí ó wà ní Dahab, ní ilẹ̀ Íjíbítì, ihò kan wà ní nǹkan bí mítà 55 tí ó la inú òkúta já sí òkun gbalasa. Omi ibẹ̀ mọ́, ìmọ́lẹ̀ sì ń ti òdìkejì wọlé, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń dà bí ẹni pé ihò náà súnmọ́ tòsí. Òkúta ìrántí àwọn tí ó kú síbẹ̀ wà ní etíkun, àwọn kan nínú wọn kì í sì í ṣe ẹni tuntun rárá.

Ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ PADI, Open Water Diver, dé mítà 18; Ocean Diver ti BSAC, ẹgbẹ́ òmòòkùn ní Bìrìtéènì, dé mítà 20. Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni ẹni tí ó gba ti PADI ti mòòkùn nínú omi gbalasa kí wọ́n tó fún un. Èyí tí ó tẹ̀lé e, Advanced Open Water, tí ó dé mítà 30, ní orúkọ tí ó lè tan ni jẹ, nítorí ìmòòkùn márùn-ún ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni ó sì di dandan kí ó jẹ́ ti ibú. Mo fara mọ́ ọn kí ènìyàn gbà á, torí ó sàn kí ó jẹ́ pé lójú olùkọ́ ni a ti kọ́kọ́ rí mítà 25 tàbí 30. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí a gbà á tẹ̀lé ti àkọ́kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí a sì máa bá ẹgbẹ́ wa lọ sí mítà 30 ní ọjọ́ kejì.

Ohun tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ pọ̀ ni ìmòòkùn láàárín mítà 10 sí 18, títí ènìyàn yóò fi lè léfòó lójú kan láìju ọwọ́, tí yóò mọ iye lítà tí òun ń mí ní ìṣẹ́jú kan, tí yóò sì lè bá ẹnìkejì pín afẹ́fẹ́ láìdààmú. Líléfòó yìí ṣe pàtàkì gan-an: aṣọ rọ́bà tí a ń wọ̀ a máa fún pọ̀ nínú ibú, á sì dín agbára tí ó fi ń gbé ni léfòó kù, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí jákẹ́ẹ̀tì tí ó fi ń léfòó yóò máa rì kọjá ibi tí ó pinnu. Lẹ́yìn náà ni kí ó máa fi mítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kún un lẹ́ẹ̀kan, níbi tí ó ti mọ̀, nínú omi tí ó mọ́, pẹ̀lú ẹni tí ibẹ̀ ti mọ́ lára. Kí àwọn méjèèjì sì ti fẹnu kò, kí ẹsẹ̀ wọn tó kan omi, lórí iye tí sílíńdà yóò kù tí wọn yóò fi ṣẹ́rí padà, nítorí pé láti mítà 30, bí a bá ń gòkè ní mítà 9 ní ìṣẹ́jú kan, tí a sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ní mítà 5, ó ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ kí orí tó yọ, inú sílíńdà yẹn kan náà ni a ó sì ti mí gbogbo rẹ̀. Bí olùkọ́ bá bi yín ní mítà 25 pé afẹ́fẹ́ yín ku mélòó, tí ẹ sì rí i pé ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó lè fi ìka dá a lóhùn, ẹ gòkè sí mítà 18 kí ẹ parí ti ọjọ́ náà níbẹ̀.